Bí Mo Ṣe Kọ́ Èjìká Mi Láti Kan Ilẹ̀

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù Kẹta ọdún 2008, ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àkókò náà dáadáa nítorí pé mo wọ aago ọwọ́ tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún mi lọ sí pápá. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ọmọbìnrin kan tó jù mí lọ gbé mi lulẹ̀ sínú yanrìn ní Borokiri, dígí aago náà fọ́, ọwọ́ aago sì dúró sórí àkókò yẹn. Mo dìde, yanrìn kún ẹnu mi, mo ní kó tún wá.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tí a jọ jáde ní yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni. Èmi ti ṣe iṣẹ́ kan tán, mo tún ń bá wọn wá iṣẹ́. Bí mo bá jókòó síwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, tí wọ́n ní, "Kí lo ti ṣe rí?", tí mo sì ní, "Ìjàkadì," wọn á wo ara wọn. Ojú máa ń tì mí. Lẹ́yìn náà inú á bí mi pé ojú tì mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò wá máa dúpẹ́ lọ́kàn mi, nítorí ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ní, ìjàkadì ló fún mi.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin àbúrò tó ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Mo tún ń kọ ọ́ fún ara mi, nítorí ọ̀gá mi bi mí ní ìbéèrè kan, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ fèsì. Ó ní kí n padà wá sínú ríǹgì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n wá dùbúlẹ̀ fún ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. N óò ṣàlàyé ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú iṣẹ́ wa. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Aṣọ́bodè ni bàbá mi, èbúté ni ìjọba gbé e wá sí ní Port Harcourt, bí a ṣe di ará Borokiri nìyẹn. Ọ̀fà ni ilé wa. Nígbà tó rí yanrìn lára mi lọ́jọ́ yẹn, ó dìde dúró.

"Ta ló nà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Dádì. Ìjàkadì ni."

"Ìjàkadì? Ìwọ Àbẹ̀kẹ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà."

"Ẹnu la fi ń sọ ìyẹn! Gbogbo ọmọ Ọ̀fà ló ń fi ẹnu jàkadì, ìwọ nìkan lo wá fẹ́ fi ara ṣe é."

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Ibi tí ẹ̀rín bá ti wọlé, ìbínú kì í rí àyè jókòó. Bí mo ṣe rí ọ̀nà lọ nìyẹn.

Obìnrin Kalabari ni kóòṣì wa, olùkọ́ eré ìdárayá. Kò ga, ṣùgbọ́n bó bá pariwo ní pápá, àwọn tó ń já ẹrù létí omi á yíjú wò. "Mà" ni gbogbo wa ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló ní, ó sì le: èjìká méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. O lè fi orúnkún kanlẹ̀, o lè fi orí kanlẹ̀, o tiẹ̀ lè fi imú túlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èjìká rẹ méjèèjì bá ti kanlẹ̀ pọ̀, ó parí.

"Your back na secret," ni Mà máa ń sọ fún wa. "No show anybody."

Ẹni tó bá fi àṣírí yẹn hàn, ìyà rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò fi àtàrí àti àtẹ́lẹsẹ̀ gbé gbogbo ara kúrò nílẹ̀ bí afárá, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Mà yóò fi bá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán. Mà sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Mo máa ń sunkún nínú afárá yẹn, omijé á sì máa ṣàn wọ etí mi.

Ohun kejì tó kọ́ wa ni bí a ṣe ń wúwo. "Bí ẹnìkan bá dì ọ́ mú láti gbé ọ, má ronú," ló máa ń sọ. "Ju ìdí sẹ́yìn, kí o wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò pa." A ṣe é títí ara fi ń ṣe é kí ọkàn tó mọ̀. Bí àbúrò mi bá dì mọ́ mi láti fi mí ṣeré nílé, yóò kàn rí i pé òun ti wà lábẹ́ mi ni.

Inú yanrìn la ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Mà rí tapólìn gbà, a kó lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni máàtì gidi tó dé, tí gbogbo wa fi bọ́ bàtà, tí a ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣojú ìpínlẹ̀ Rivers, mo gba fàdákà níbi ìdíje orílẹ̀-èdè, mo sì sunkún nítorí pé kì í ṣe wúrà. Lónìí, bí mo bá rántí ẹkún yẹn, mo máa ń fẹ́ kí n padà lọ gbá ọmọ yẹn mọ́ra.

Lọ́dún 2015 ni mo lọ bá Ọ̀gá Boma ní Elelenwo. Òun ló ń kọ́ àwọn tó ń jàkadì fún òǹwòran, irú èyí tí wọ́n ń san owó wọlé láti wò. Bó ṣe gbà mí àti ohun tó ń san kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: mo bèèrè, ó ní kò burú, ó ń san, kì í pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀ ló fi ṣe ilé ẹ̀kọ́. Òun àti wẹ́dà kan ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ríǹgì náà: sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù nísàlẹ̀, pákó lórí rẹ̀, fóòmù lórí pákó, tapólìn lórí fóòmù. Okùn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n rà ní Borokiri ni wọ́n fi yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún yín. Ní ọ̀dọ̀ Mà, ẹni méjì ló ń du ohun kan. Ní ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Boma, ẹni méjì ló ń jọ kọ́ ohun kan. A máa ń mọ ẹni tó máa borí kí a tó jáde síta. Àwọn ènìyàn á máa bi mí pé, "Ṣé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àbí?" N kì í mọ bí mo ṣe lè dáhùn kí n má bínú. A ti fi àdéhùn sí ẹni tó máa borí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá wa dá àdéhùn kankan. Pákó ni pákó.

Fún oṣù mẹ́ta, ṣíṣubú nìkan la kọ́. Ọ̀gá Boma á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan. Kì í wò wá. Ó ń gbọ́ wa ni. Pijin ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí Yorùbá.

"Ìgbọ̀nwọ́ ló kọ́kọ́ balẹ̀," á sọ láìyíjú. "Tún un ṣe."

Ẹni náà á tún un ṣe.

"Ta nìyẹn? Àbẹ̀kẹ́? Ìwọ kò ṣubú, o jókòó ni. Ta ló fún ọ ní àga?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Má bẹ̀ mí. Ìdí rẹ ni kí o bẹ̀."

Ó le gan-an. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kò ní wọ ríǹgì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ṣe ẹnìkejì léṣe nítorí kí òǹwòran lè pàtẹ́wọ́, kò ní wọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó máa ń sọ pé ara tí a ń gbé sókè kì í ṣe tiwa, wọ́n kàn fún wa tọ́jú ni. Bí ìjà bá ti parí, kí o tó wẹ̀, kí o tó mumi pàápàá, o gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tí ẹ jọ jà, kí o bi í pé, "Níbo ló ń dùn ọ́?", kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé àwọn àgbà wa ní bí a ti ń jà, bí í ká kú kọ́, ó ní kí n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo lè kà á. Síbẹ̀ gbogbo wọn ló mọ ohun tó sọ.

Wàyí o, ìjà mi àkọ́kọ́. Gbọ̀ngàn kan ní Rumuola ni. Chísom ni mo bá jà, ọmọ Ìgbò tí ìyá rẹ̀ ń ta bàtà. Òun kò jàkadì inú yanrìn rí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Boma ló ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé yóò gbé mi ṣubú, yóò dùbúlẹ̀ lé mi láyà, rẹfirí yóò fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Chísom yóò borí. Ó gbé mi ṣubú. Ó dùbúlẹ̀ lé mi. Rẹfirí lulẹ̀: ení! Ó lulẹ̀: èjì! Èjìká mi fò sókè.

Àwọn òǹwòran hó yèè. A tún un ṣe. Ení, èjì, èjìká mi tún fò.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń ṣe?" Chísom sọ ọ́ sí mi létí.

"Mi ò mọ̀! Kì í ṣe èmi!"

"Ta wá ni? Abeg, kú! Kú jàre, ó ti rẹ̀ mí!"

Rẹfirí tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dùbúlẹ̀. Ebi ń pa mí."

Ìgbẹ̀yìn ni Chísom wá jókòó lé mi láyà pátápátá bí ẹni jókòó sórí àpótí, ó di apá mi méjèèjì mú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fìdí rẹmi nínú ìjà tí mo ti gbà láti fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Boma ní kí n dùbúlẹ̀ sáàárín ríǹgì. Gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ ló wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dùbúlẹ̀ lé mi, wọ́n ka ẹ̀ta, mo sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bíi pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára mi. Nígbà tó pẹ́, èjìká mi rọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́; ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún mi.

"Ẹni tí kò lè dùbúlẹ̀ fún ẹnìkejì kò tíì mọ iṣẹ́ yìí," ni Ọ̀gá Boma wí. "Kí lo rò pé ó ń sọ ènìyàn di olórúkọ níbí? Ẹni tó dùbúlẹ̀ fún un ni."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣà wa pé ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, nínú ìjà ìkẹyìn rẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Orúkọ tó ti kó jọ láti ọjọ́ yìí wá, yóò fi í sílẹ̀ lórí tapólìn níbẹ̀ kí ẹlòmíràn gbé e. Ẹni tó bá lọ láìdùbúlẹ̀ ti gbé orúkọ náà lọ sílé, níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e dùn. Ẹni tó ń fi makirofóònù pè wá wọlé sọ mí ní "Màmá Ọ̀fà," èmi ọmọ ogún ọdún, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Èmi àti Chísom ja ara wa káàkiri títí tí mo fi mọ ìgbà tó máa mí kí ó tó mí. Bàbá mi yọ́ wá wò wá lẹ́ẹ̀kan ní Rumuola, ó wọ awò dúdú, ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí i, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Láti Borokiri! Okùn ọkọ̀ ojú omi di wáyà onírin tí a fi rọ́bà bò. Fóònù gba ọwọ́ àwọn òǹwòran, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́ mọ́, torí ọwọ́ wọn kò ṣófo. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tuntun ń wo ìṣubú ara wọn nínú fóònù. Ọ̀gá Boma ní fóònù kò lè gbọ́ ìgbọ̀nwọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ burúkú náà dé, lọ́dún 2021. Ọ̀sán ni, ooru mú, òógùn bo àwa méjèèjì. Chísom máa gbé mi sí èjìká, yóò yí ká, yóò sì fi mí balẹ̀ lórí ẹ̀yìn mi. A ti ṣe é débi pé a lè ṣe é lójú oorun. Bó ṣe gbé mi, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tún mi mú kíákíá, itan kan, apá kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ inú yanrìn ṣe máa ń mú ènìyàn. Ara mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ju ìdí sẹ́yìn, mo wúwo. Ní pápá Mà, ẹsẹ̀ mi ni ìbá balẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè ni mo wà. Àwa méjèèjì ṣubú lulẹ̀, orí mi ló sì kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ìpalára bá jẹ́ òótọ́, rẹfirí á gbé apá méjèèjì sókè, á fi ọ̀kan dábùú èkejì lókè orí rẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ̀ pé eré ti parí. Rẹfirí ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹwòran rí àgbélébùú, wọ́n rò pé àdúrà ni. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo, "Jésù!", wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Mo ń gbọ́ wọn. N kò mọ ọwọ́ mi lára.

Ọkùnrin méjì gun ríǹgì láti fà mí dìde, ọ̀kan mú omi tútù dání. Chísom kúnlẹ̀, ó fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì há orí mi kí ó má baà mì, ó sì kígbe pé, "Anybody touch am, I go bite am!" Ẹni tó mú omi dání kò gbà á gbọ́. Ó na ọwọ́. Chísom gé e jẹ.

Eegun ọrùn mi ló sán. Dókítà sọ pé ká ní wọ́n fà mí dìde ni, n kì bá tí lè rìn mọ́. Ó tún fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní irú iṣan báyìí? Òun ló gbà ọ́ là." Mo rántí afárá Mà, mo rántí omijé inú etí. Mo ti bínú sí obìnrin yẹn rí, nínú gbogbo ọkàn mi. Ní bẹ́ẹ̀dì yẹn, bí mo bá lè kúnlẹ̀, ǹ bá kúnlẹ̀ fún un.

Bàbá mi jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O mọ eléyìí lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Dádì."

"Eléyìí ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Nígbà tó tẹ ìkẹyìn, ó fi iwájú orí lé àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Chísom ń bọ̀ lójoojúmọ́, ó ń sunkún pé òun ló fà á. Mo sọ fún un pé ọwọ́ tó yọ̀ kò ní ẹ̀bi, ara tó rántí kò ní ẹ̀bi. N kò sọ ọ́ láti tù ú nínú. Ó dá mi lójú bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn, láàárín ìjà, tí n kò dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì, mo parí rẹ̀, mo sin ìlú, mo ń kọ lẹ́tà káàkiri. Chísom ti ja ìjà ìkẹyìn tirẹ̀, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta bàtà. Lọ́jọ́ tó dùbúlẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ara mi fúyẹ́." Inú mi dùn fún un, mo sì tún jowú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí Ọ̀gá Boma fẹ́ kí n dùbúlẹ̀ fún ni Ibiere, ọmọ inú yanrìn bíi tèmi, ó lágbára, ó sì níwà. Ọ̀gá Boma ní àwọn ènìyàn kò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bèèrè Màmá Ọ̀fà. Dókítà ní mo lè kúnlẹ̀, mo lè yí, mo lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mi kúrò nílẹ̀. Bàbá mi ní kí n má dán an wò. Màmá mi ní, "Kí lo gbàgbé síbẹ̀?" Kì í ṣe ọrùn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tán, n kì í ṣe oníjàkadì mọ́, n kò sì tíì di nǹkan mìíràn.

Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Elelenwo láti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ibiere kúnlẹ̀ kí mi kó tó fọwọ́ kàn mí. Ó yí mi jẹ́jẹ́. Mo dùbúlẹ̀. Ó wá fi apá lé mi láyà bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

"Tẹ̀ mí," mo ní.

"Àǹtí, I no fit. Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ibiere, tẹ̀ mí. Bí o bá ń tọ́jú mi báyìí, wọ́n á rò pé ó ti tán fún mi tipẹ́."

Mo fọwọ́ ara mi fa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, mo fa èjìká rẹ̀, títí gbogbo ìwúwo rẹ̀ fi wà lórí mi. Tapólìn gbóná lábẹ́ èjìká mi méjèèjì. Ọrùn kò dùn mí. Kò sí rẹfirí níbẹ̀. Ọ̀gá Boma jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ka á fúnra rẹ."

Mo ní, "Ení."

Mo ní, "Èjì."

Èjìká mi kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ dáadáa. Ẹnu mi ni kò gbà láti pe ẹ̀ta. Ibiere dúró, ó dúró, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé kí n dìde?" Ọ̀gá Boma kò yíjú.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ó dájú pé àwọn kan nínú yín ti fi iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá lọ, kí ni kí n máa pe ara mi nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́? Lọ́jọ́ tiyín, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe ẹ̀ta, àbí ẹnìkan ló bá yín pè é?